Ìwé fọ́tì lífù tí mo fi ń kọ èéfín sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yà síbí wá kà mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́, ẹ sáà mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde làwọn èèyàn máa ń kó ìgbéyàwó jọ, télọ̀ kì í sì í rí oorun sùn lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi ìṣó há a síbẹ̀ ni, mi ò fẹ́ sọ ọ́ nù.

Léèsì funfun ni. Ìyàwó tuntun kan ló gbé e wá ní Jánúárì, ó fẹ́ fi ṣe ìdúpẹ́. Mo ti gé e, mo ti rán apá méjèèjì mọ́ ọn, mo wá gbé e kọ́ sẹ́nu wíńdò kó gba afẹ́fẹ́ díẹ̀, mo sáré lọ ra òwú lọ́jà Jagun. Nígbà tí mo fi máa padà dé, kò tíì ju aago mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀ lọ, àwọn kíní dúdú tóótòòtó ti bà sí èjìká aṣọ yẹn, wọ́n kéré, wọ́n fúyẹ́, wọn ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó yẹ kí n fẹ́ ẹ nù ni, ìka ni mo fi nù ún. Ẹni tó bá ti fọ ìdí ìkòkò rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ńṣe ló fà gbọọrọ lórí léèsì bí ìlà bírò, ó dúdú, ó tún ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi omi gbígbóná sí i, kò lọ. Èmi ni mo ra léèsì míì fún ọmọ ọlọ́mọ.

Sọ́míìlì kan ló wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní sọ ojú ọ̀nà tó wà, torí a jọ ń gbé ni, a sì jọ ń kí ara wa. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ilé ọkọ. Ariwo ẹ̀rọ wọn ti mọ́ mi létí, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, kò dùn mí. Ìyẹ̀fun pákó ni wàhálà. Bí wọ́n ṣe ń la igi ni ìyẹ̀fun ẹ̀ á máa ga bí òkìtì, tó bá ti dí wọn lọ́wọ́ wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́, iná yẹn ò sì ní jó kó tán bọ̀rọ̀, abẹ́lẹ̀ ni yóò máa jó, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, èèyàn ò ní rí iná lójú, èéfín nìkan ló máa rí. Gbogbo ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ̀ pé iná tí kò ráyè mí ló máa ń rú èéfín jù.

Ilé mẹ́rin la wà lójú afẹ́fẹ́ yẹn. Ìyá ọkọ mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gèlè ni wọ́n fi ń bo imú sùn. Nílé kejì sí wa, ọmọkùnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ikọ́ fée, ọmọ ọdún mẹ́fà. Tí wọ́n bá ti sun ìyẹ̀fun nírọ̀lẹ́, tó bá máa fi di aago méjì òru mo máa ń gbọ́ ọ láti yàrá mi, àyà ẹ̀ á máa dún bíi fèrè. Lóru ọjọ́ kan mo dìde lọ bá wọn. Ìyá ẹ̀ ti gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ìta tí èéfín wà náà ni o, torí kò síná, inú ilé gbóná. Ọmọ yẹn di ọwọ́ mi mú, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fa èémí ni èjìká ẹ̀ méjèèjì máa ń gòkè, tí kòtò á yọ lọ́rùn ẹ̀, kò sunkún, kò lágbára ẹkún. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àtọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ léèsì mọ́ lọ́dọ̀ mi.

Mo lọ bá ọ̀gá sọ́míìlì, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ìyá Tòmíwá, ọyẹ́ ni jàre, ṣé ẹ ò rí i pé gbogbo ìlú ló rí báyẹn ni?" Lóòótọ́ ọyẹ́ wà, eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti apá ilẹ̀ Chad lọ́hùn-ún kì í fo Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ní àwọ̀ tiẹ̀, ó máa ń rí bí erùpẹ̀ ni, tó bá bà sórí aṣọ funfun, gbọ̀n ọ́n, á lọ. Mo tú léèsì yẹn jáde nínú báàgì, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn máa dín in kù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún ti iná bọ̀ ọ́.

Kí n má purọ́ fún yín, ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà yẹn ni pé kò sófin kankan tó ń rí sí afẹ́fẹ́ nílẹ̀ yìí, torí ohun tí gbogbo wa ń sọ lẹ́nu nìyẹn. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Iṣẹ́ wolé-wolé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ wolé-wolé, àmọ́ láyé àwọn ìyá wa, tí wọ́n bá ti fojú kan kakí wolé-wolé lọ́nà, gbogbo agbo ilé ló máa gbá, torí wọ́n á yọjú sínú àmù yín, wọ́n á wá tanwíjí, wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo ibi tẹ́ ẹ ń da ilẹ̀ sí, tí wọ́n bá rí nǹkan tí ò dáa, bébà ni wọ́n máa já lé yín lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin kankan wà tó lè dá èéfín dúró ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó, òfin pọ̀ ju èéfín yẹn lọ. Kì í ṣe òfin ló wọ́n, ẹ̀ẹ̀kejì ló wọ́n." Mo ní kí ni ẹ̀ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, àlejò ni. Tó bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó mọ̀ pé ìjọba dé."

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kà lórí fóònù, alaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó ti fi sílẹ̀ fún wa, abala 247, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ba afẹ́fẹ́ jẹ́ débi tó fi lè pa àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣòwò ládùúgbò lára, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló ń wá. Ẹ̀wọ̀n o! Òfin ìlera aráàlú náà wà, èyí tí wolé-wolé ń lò, òun ló fún wọn lágbára láti wọlé, láti wo nǹkan, láti fún èèyàn ní nótíìsì pé kó mú ohun tó ń ni àwọn aládùúgbò lára kúrò láàárín ọjọ́ báyìí-báyìí, tí kò bá ṣe é, kọ́ọ̀tù.

Lẹ́yìn náà ni ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1988 ni àṣírí tú pé àwọn kan ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, àgbàlá èèyàn ni wọ́n kó àwọn dúrọ́ọ̀mù yẹn sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dójú tì wá káàkiri ayé, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá FEPA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká. Nígbà tó di 2007, NESREA rọ́pò ẹ̀. NESREA ní ìlànà kan fún èéfín mọ́tò láti 2011, ó ní ti afẹ́fẹ́ ní 2014, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021. Òfin NESREA bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2007, abala 20, sọ pé ẹni tó bá rú ìlànà afẹ́fẹ́ lè sanwó ìtanràn tó tó 200,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan, pẹ̀lú 20,000 náírà lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ṣì ń ṣe é. Ibi tí mo fa ìlà sí nìyẹn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Torí kẹ́ ẹ tó lè bu owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé èèyàn lórí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ṣe é lánàá, ó sì tún ṣe é lónìí. Ta lẹni yẹn?

Àní Kọnsititúṣọ̀n 1999 gan-an, abala 20, ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo kà á. Mo wá ka síwájú, mo rí abala 6 tó sọ pé irú àwọn abala bẹ́ẹ̀ ò ṣe é gbé lọ sí kọ́ọ̀tù. Ó ká mi lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, lọ́dún 2005, ará abúlé Iwherekan kan ní Delta pe àwọn ilé-iṣẹ́ epo Shell àti NNPC lẹ́jọ́ nítorí gáàsì tí wọ́n ń sun, kọ́ọ̀tù gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Bìní sì dá a pé sísun gáàsì yẹn tako ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní láti wà láàyè. Wọn ò dá iná gáàsì dúró lọ́jọ́ kejì ìdájọ́ o. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní gáàsì tí wọ́n ń sun, àmọ́ èémí tí ọmọ ilé kejì ń wá kiri lóru, ẹ̀tọ́ ẹ̀ náà ni.

Níbo wá ni ìjọba ìpínlẹ̀ wà nínú gbogbo ẹ̀? Àárín ni. Ìjọba àpapọ̀ kọ ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ ní wolé-wolé, ìpínlẹ̀ ló ní ministry àyíká, tó lè ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, tó lè ti geeti pa, tó lè gbé èèyàn lọ sí kọ́ọ̀tù. Èkó ní LASEPA tiwọn tí kò ní iṣẹ́ míì ju kó máa sáré tẹ̀lé àwọn tó ń ba àyíká jẹ́. Tiwa, Sẹkitéríàtì ní Agódi, ní Ìbàdàn, ni ministry wà. Ẹ ronú sí i. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lórí ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni èéfín máa ń bolẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa, torí òtútù òwúrọ̀ kì í jẹ́ kó gòkè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ tẹ̀ lé. Tí òṣìṣẹ́ bá kúrò ní Agódi ní aago mẹ́jọ, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa oòrùn ti mú, èéfín ti fò lọ sókè, wọ́n ti da omi sórí òkìtì, gbogbo nǹkan á máa dán. Kí ló fẹ́ kọ sínú fáìlì ẹ̀? Òṣìṣẹ́ yẹn ò ṣẹ̀, ohun tó rí ló máa kọ.

Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ọ̀nà míì hàn mí. Níbẹ̀, òfin afẹ́fẹ́ wọn, Clean Air Act ti 1970, ìjọba àpapọ̀ ló sọ iye tí ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ò gbọ́dọ̀ kọjá, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa kọ ètò tiẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe máa dé ibẹ̀, tó máa fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ, tó máa rán òṣìṣẹ́ lọ wò wọ́n. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ṣe é, ìjọba àpapọ̀ lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún lè dá owó títì ẹ̀ dúró. Aráàlú lásán náà lè pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́tò Volkswagen ní 2015, àwọn mọ́tò dísẹ́lì tí wọ́n fi ọgbọ́n sí nínú, tí ó máa ń rọra mí tí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá wá dójú títì, èéfín oró ẹ̀ á fò sókè dé ìlọ́po ogójì ohun tí òfin gbà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ní West Virginia ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ò dọ́gba, òṣìṣẹ́ afẹ́fẹ́ ìpínlẹ̀ California sì di í mú, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí ilé-iṣẹ́ fi jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tí Bàbá wí náà ni.

Ní Íńdíà, òfin tiwọn ti wà láti 1981, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù tó ń rí sí i, o gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó o tó kọ́ ilé-iṣẹ́, o tún máa gba òmíràn kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó o bá wá ṣorí kunkun, bọ́ọ̀dù yẹn lágbára láti ní kí wọ́n gé iná mànàmáná ẹ, kí wọ́n gé omi ẹ. Àmọ́ ẹ wo afẹ́fẹ́ Delhi lónìí, ẹni tó bá ti rí fọ́tò ẹ̀ ní Nòfẹ́ńbà mọ̀ pé agbára wà lórí bébà, ọ̀tọ̀ ni ká lò ó.

Èyí tó wá mú mi lọ́kàn jù ni pé kíka èéfín, iṣẹ́ ni níbẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń kà á! Ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Ringelmann ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1888, ó fa ìlà dúdú sórí káàdì funfun, láti orí òdo tó funfun báláú dé márùn-ún tó dúdú kirikiri, o máa gbé e síwájú, o máa wo èyí tí èéfín bá mu nínú wọn. Lóde òní òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà á kẹ̀yìn sí oòrùn, á wo èéfín lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á kọ ọ́, á tún wò ó, ìgbà mẹ́rìnlélógún, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko nìyẹn, ohun tó bá sì kọ sílẹ̀, kọ́ọ̀tù á gbà á. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń dán ojú wọn wò. Àwa ń sọ pé kò sí ẹ̀rọ, kò sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dáa, torí èyí tó ń pani jù nínú èéfín kì í ṣe èyí tí ojú rí, eruku kan ni tó kéré débi pé irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n, ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ ni, ó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti dín ìwọ̀n tí kò yẹ kó kọjá kù ní 2021, láti 10 sí 5 maikirogíráàmù nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan lọ́dún. Ẹ̀rọ ló lè ka ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká tó ra ẹ̀rọ, ojú wà, bírò wà.

Bàbá ló ní kí n ra ìwé. Wọ́n ní, "Má kọ pé wọ́n ń dà ọ́ láàmú. Kọ ọjọ́, kọ aago, kọ àwọ̀ èéfín, kọ ibi tí afẹ́fẹ́ dojú kọ, kọ ohun tó o lè rí àti ohun tó ò lè rí." Mo ra fọ́tì lífù, irú èyí tí Tòmíwá ń gbé lọ sílé ìwé. Ibi tí mo ń fojú sùn ni òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà ní ìkọjá sọ́míìlì, páànù ẹ̀ pupa fòò, mo máa ń rí i dáadáa láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n kọ díẹ̀ nínú ẹ̀ síbí:

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀. Èéfín funfun, ó nípọn. Mi ò rí òrùlé rárá. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ó di 9:15 kí n tó rí pupa ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7 àárọ̀. Òrùlé ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí àwọ̀ osùn. Màmá húkọ́ láti ìdájí.

Ọjọ́ Ẹtì. Kò sí èéfín. Òrùlé pupa.

Sátidé, 10:30 alẹ́. Òkùnkùn ni, mi ò rí òrùlé, àmọ́ mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí i tí èéfín ń kọjá nínú iná tọ́ọ̀ṣì bí omi. Ọmọ ilé kejì ò sùn.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo kọ báyẹn láìfo ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú ẹ̀ ló ní èéfín. Mo kọ lẹ́tà, ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i, ìyá ọmọ yẹn fi ẹ̀dà káàdì ọsibítù mọ́ ọn. Bàbá kìlọ̀ fún mi pé ẹ̀dà méjì ni kí n gbé lọ, kí n má kúrò níbẹ̀ tí wọn ò bá lu òǹtẹ̀ sí tèmi, torí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ní òun ò rí i rí. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn. Ìkejì ní kí n lọ mú un padà wá ní Mọ́ńdè. Ọ̀dọ̀ ìkẹta, obìnrin kan ló gbà á, ó ṣí ìwé fọ́tì lífù mi, ó kà á láti ewé kìíní, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ṣí i. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo eléyìí?" Mo ní èmi ni mà. Ó lu òǹtẹ̀.

Wọ́n wá lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin méjì àti obìnrin yẹn. Torí pé wọ́n ti rí aago nínú ìwé mi, aago méje àárọ̀ ni wọ́n dé, wọ́n bá èéfín níbẹ̀. Wọ́n fún sọ́míìlì ní nótíìsì ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pupa ni òrùlé. Màmá sùn láìfi gèlè bo imú. Mo dúpẹ́, mo ti ń rò ó pé ó parí.

Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, òru ni wọ́n ń sun ún báyìí. Mo padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀, ó ní, "Ṣebí a ti wá?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ṣebí a ti wá! Bí ẹni pé ìbẹ̀wò ni iṣẹ́ yẹn, pé kì í ṣe kí èéfín dúró. Mo gbé òǹtẹ̀ mi jáde, mo gbé ìwé mi jáde, mo fi ọjọ́ nótíìsì hàn án, mo fi gbogbo òru tí wọ́n ti sun ún láti ọjọ́ yẹn hàn án. Mi ò pariwo. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ kí wọ́n tó padà wá, ìgbà kẹta yẹn Bàbá Wolé-wolé bá mi lọ, pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán.

Nótíìsì kejì yàtọ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ tí àwọn máa padà wá wò ó síbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé tí àwọn bá tún bá iná níbẹ̀, kọ́ọ̀tù ló kù. Ọ̀gá sọ́míìlì gan-an wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú wọn ò le. Wọ́n ní kí ni kí àwọn fi ìyẹ̀fun ṣe, owó tí ọkọ̀ máa fi kó o dànù lóṣù kan lè gba gbogbo èrè pákó kékeré tán, ibi tí wọ́n á sì dà á sí gan-an kò sí. Mo gbọ́ wọn yé. Ìjọba tó ń sọ fún èèyàn pé má sun ún, tí kò sọ ibi tó máa kó o sí, òru ló ní kó lọ máa sun ún. Ọmọ iṣẹ́ wọn tó máa ń ti iná bọ òkìtì náà wà níbẹ̀, ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, ó ń húkọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ pọ́n, kò sì sí ẹnì kankan tó kọ tiẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kankan, àní èmi gan-an ò kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ báyìí.

Ọ̀nà tó là díẹ̀ ni ti àwọn tó ń sin adìẹ. Wọ́n máa ń tẹ́ ìyẹ̀fun pákó sílẹ̀ fún adìẹ, mo mọ ẹnì kan lọ́nà Ìlọrin, mo fún ọ̀gá ní nọ́ńbà ẹ̀. Pick-up kan ń wá kó o ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè báyìí, nínú àpò, òkìtì ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ìdajì tó kù ni a ṣì ń fà.

Tí ẹ bá bi mí ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe, kò pọ̀. Kí òṣìṣẹ́ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kó má jẹ́ láti Agódi ni yóò ti máa bọ̀. Kó ní ọ̀kadà àti epo. Kí nótíìsì kankan má jáde láìní ọjọ́ àtipadàwá nínú, kí wọ́n sì lẹ ọjọ́ yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí ọ̀rọ̀ kàn, kí gbogbo àdúgbò lè rí i kà. A ní LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, nílé wa, àwọn ọmọ yẹn mọ ẹ̀rọ, kí wọ́n ní kí wọ́n gbé èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ kọ́ sí ibi mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ oríta Takie tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń rú èéfín lé ara wọn lórí, àdúgbò Under G tí jẹnẹrétọ̀ kì í sùn, àti ẹ̀yìn ilé wa.

Òun ló mú kí n kọ eléyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ti yín, ìbáà jẹ́ sọ́míìlì, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń sun táyà, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń da èéfín dísẹ́lì sí yín lójú, ẹ ra fọ́tì lífù lónìí, ẹ wá nǹkan kan tó jìnnà díẹ̀ tẹ́ ẹ lè máa fojú sùn, òrùlé tàbí igi tàbí òpó, kẹ́ ẹ máa kọ bóyá ẹ rí i.

Sátidé tó kọjá, 11:20 alẹ́, wọ́n tún sun díẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Lánàá àti lónìí, pupa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú nótíìsì pé àwọn máa padà wá, aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo máa ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ewé mẹ́sàn-án ló kù nínú ìwé mi, mo ti ra òmíràn síwájú.